Corvette C5: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe, Àti Bí Ẹ Ṣe Máa Gbèjà Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá mọ́tò asáré Amẹ́ríkà tí kò sì fẹ́ torí ẹ̀ jẹ gbèsè, Corvette C5 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Chevrolet ṣe é láti 1997 títí di 2004, ní Bowling Green, ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹ́ńjìnnì LS1 ló wà nínú rẹ̀: lítà 5.7, sílíńdà mẹ́jọ, agbára ẹṣin 345 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ olówó ẹ̀ lẹ́nu. Àwọn tó ń yọni lẹ́nu ni bátìrì, wáyà earth, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà káàkiri ara ọkọ̀ náà, àti rọ́bà tó ti gbó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á, ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n ń tẹ́tí sí: wọ́n á ní kí olùtà tẹná, wọ́n á gbọ́ ohùn V8, orí wọn á wú, wọ́n á kówó sílẹ̀. Ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà gan-an, wọn ò débẹ̀ rárá.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston, Atlanta, Maryland àti ibòmíì ní Amẹ́ríkà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọkọ̀ yìí pọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ ní sùúrù, mo máa kàn yín.

Ọdún wo ni kí ẹ rà?

Ní 1997, oríṣi kan ṣoṣo ló wà: òrùlé ẹ̀ ṣeé yọ, gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń ṣí sókè. Èyí tí òrùlé ẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ń ká sẹ́yìn dé ní 1998, èyí tí òrùlé ẹ̀ kì í ṣí rárá sì tẹ̀ lé e ní 1999. Ọdún 2001 ni nǹkan yí padà gan-an. LS1 gòkè sí 350. Active Handling, ètò tó ń bá awakọ̀ mú ọkọ̀ dúró tó bá fẹ́ yọ̀ ní kọ́nà, di ti gbogbo ọkọ̀. Z06, C5 tó lágbára jù, sì jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì LS6, agbára ẹṣin 385. Nígbà tó fi máa di 2002, Z06 ti di 405. Kò sí Z06 tó jẹ́ ọ́tò o. Onígíà ọwọ́ ni gbogbo wọn, gíà mẹ́fà.

Tí owó bá ká a, 2001 lọ sókè ni kí ẹ rà. Kì í ṣe tìtorí agbára ẹṣin márùn-ún tí wọ́n fi kún un. Kọ̀ǹpútà bírékì, èyí tí wọ́n ń pè ní EBCM, ni ìdí. Tí ti 1997 sí 2000 bá kú, títuntun ò sí mọ́, àwọn tó lè tún un ṣe ò sì pọ̀. Ti 2001 sí 2004, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná dáadáa lè ṣí i, kó fi sọ́dà lẹ ibi tó ti sán nínú ẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ẹni tó bá rí 1999 tó mọ́ tónítóní ní owó pọ́ọ́kú lè rà á, àmọ́ kó mọ̀ pé ọjọ́ tí EBCM bá kú, ABS (bírékì tí kì í jẹ́ kí táyà há) àti gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti lọ nìyẹn, ó lè má padà. Nínú ti 2003 àti 2004, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀kì onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí líle ẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Ó dùn ún wà. Àmọ́ ẹ béèrè iye tí ẹyọ kan ń lọ kí ẹ tó yọ̀.

Ẹ má gba ẹnu olùtà gbọ́ lórí irú èyí tó ń tà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, àmì mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ ka ìkẹjọ: G ni LS1, S ni LS6. Ẹ ka ìkẹwàá: V ni 1997, W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000, lẹ́yìn náà ló wá di 1, 2, 3 àti 4. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ Z06 sí lára, tí lẹ́tà ìkẹjọ ẹ̀ sì jẹ́ G, àmì ni wọ́n rà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ sọ fún olùtà pé kó má ṣíná ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ohun kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. LS1 tó tutù lè máa kàn kọ́kọ́kọ́ fún ìgbà díẹ̀. Pístìnì ló ń lu ògiri sílíńdà, tó bá ń lọ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, kò sí wàhálà. Èyí tó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gbóná ni kí ẹ sá fún.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣíná, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lọ sápá ọ̀tún, lẹ́yìn, níbi tí bátìrì wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ẹ̀. Tí bátìrì bá ti jò rí, ẹ máa rí ẹrùpẹ̀ funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí irin tó gbé e dúró, wáyà tó wà nísàlẹ̀ á ti le, ara ẹ̀ á ti bó. Abẹ́ bátìrì yẹn gan-an ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sí. Ẹni tó yàwòrán ẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ń rò. Àsíìdì tó bá ti kán síbẹ̀ kì í dúró lójú kan, ńṣe ló ń gba inú wáyà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọlé, kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbi ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Àwọn fíùsì ni ẹ máa rí, pẹ̀lú BCM, kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso iná, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ àti àwọn nǹkan inú ọkọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Tí ọwọ́ yín bá tutù, omi òjò ti ń wọbẹ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ ni.

Ẹ wá ṣíná. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mejì. C5 ni Corvette ìkẹyìn tí iná iwájú ẹ̀ ń yọ sókè tó sì ń padà sínú. Jíà oníke tó wà nínú mọ́tọ̀ ẹ̀ máa ń jẹra: iná á ti gbéra tán, mọ́tọ̀ á ṣì máa kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò burú púpọ̀, jíà onírin wà tí wọ́n ń tà láti fi rọ́pò ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ẹ kàn fi dúnàádúrà ni.

Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin dúró níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo pọ́lì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó so mọ́ kúráńkì. Etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí gbọọrọ. Tó bá ń mì lọ sápá ọ̀tún àti òsì bí ìbàdí oníjó, rọ́bà àárín ẹ̀ ti jẹ. Iṣẹ́ tó ń náni lówó nìyẹn, màá ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó ku abẹ́ ọkọ̀. Ara C5 kì í dípẹtà nítorí kì í ṣe irin; ṣáàsì ẹ̀ ni irin, òun ló sì ń dípẹtà, pàápàá èyí tó bá ti gbé ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù. Ihò pẹlẹbẹ mẹ́rin wà lára irin ṣáàsì, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ nìkan ni jáàkì gbọ́dọ̀ kàn. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà jẹ́ ike líle méjì tí wọ́n fi igi balsa sí láàrin, ẹ ò ṣì í gbọ́, igi. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ni kò mọ̀, wọ́n á gbé jáàkì sábẹ́ ẹ̀, á sì fọ́ wọlé. Ẹ wá ojú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ra ọkọ̀ náà tán, ẹ ra àwọn rọ́bà roboto mẹ́rin tó ń wọ inú ihò yẹn, kí ẹ fi wọ́n sínú búùtù, kí ẹ fún fọkanáísà kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Táyà: ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tó ti lé lọ́dún méje, bó ti wù kí eyín ẹ̀ pọ̀ tó, ẹ ka owó tuntun mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san. Iwájú àti ẹ̀yìn ò sì dọ́gba: 245/45ZR17 níwájú, 275/40ZR18 lẹ́yìn, Z06 sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí táyà sípéà nínú ọkọ̀ yìí. Yàtọ̀ sí Z06, táyà tó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tà á. Ọ̀pọ̀ ló ti fi táyà lásán rọ́pò ẹ̀ torí ó rọ̀ lára jù, àmọ́ wọ́n gbàgbé láti ra ẹ̀rọ tó ń fún táyà.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ àìsàn ẹ̀

Ohun tó wù mí jù lára C5 nìyí. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò kankan, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ka àṣìṣe tó bá wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ lè ṣe é níwájú olùtà, ojú ẹ̀ á sì là.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má ṣíná ẹ́ńjìnnì. Tí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan bá wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ RESET títí á fi lọ. Ẹ wá di bọ́tìnnì OPTIONS mú láìfi sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ FUEL lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀: 10 ni ti ẹ́ńjìnnì, 28 ni ti bírékì, 40 ni BCM, 60 ni dáṣíbọ́ọ̀dù, 99 ni ti ẹ̀rọ amúlétutù, A0 àti A1 ni ti ilẹ̀kùn méjèèjì, B0 ni ti rìmóòtù kọ́kọ́rọ́. Tó bá parí, ó máa dúró kí ẹ fúnra yín máa ṣí i: OPTIONS ń lọ síwájú, GAUGES ń padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn nọ́ńbà àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí lẹ́tà kan. C ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. H ni èyí tó ti ṣẹlẹ̀ rí. NO CODES túmọ̀ sí pé ara ẹ̀ le. NO COMM ni kò dáhùn rárá, tí ọkọ̀ yín bá sì ní kọ̀ǹpútà yẹn lóòótọ́, àìdáhùn ẹ̀ burú ju kó ní àṣìṣe mẹ́wàá lọ.

Ẹ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U bá pọ̀. U túmọ̀ sí pé àwọn kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ara wọn, bátìrì tó rẹ̀ nìkan sì lè kọ mẹ́wàá irú ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí ọkọ̀ bá ti di tiyín, ẹ di RESET mú lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan títí àṣìṣe á fi pa rẹ́, ẹ wà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún kà á. Èyí tó bá padà wá ni kí ẹ lé. Olùtà tó bá sọ pé gbogbo ẹ̀ mọ́, tí ẹ wá rí i pé kò sí H kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Bátìrì àti wáyà earth: ibi tí mo fẹ́ kí ẹ náwó sí ṣáájú

Ara mọ́tò onírin máa ń gbé iná padà sí bátìrì fúnra ẹ̀. Ara C5 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo iná, gbogbo mọ́tọ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ rí wáyà dúdú tirẹ̀, ìyẹn wáyà earth, gbà padà sí ṣáàsì, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ bóòtù kan ṣoṣo. Tí bóòtù yẹn bá dípẹtà, iná á máa wá ọ̀nà míì gbà. Ìgbà yẹn ni ẹ máa tẹ bírékì tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, tí ìkìlọ̀ ABS, ìkìlọ̀ gíà àti ìkìlọ̀ kọ́kọ́rọ́ á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹkáníìkì tí kò mọ ọkọ̀ yìí á ní kí ẹ ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Fóltì 12.6 ni èyí tó kún, 12.2 ti dé ìdajì. Kí ẹnì kan ṣíná bí ẹ ṣe ń wo mítà: tó bá já wá sábẹ́ 9.6, bátìrì ti ń lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàrin 13.5 sí 14.5. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, irú AGM tí kì í jò ni kí ẹ rà. Ẹ ti rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ kì í sábà wà, ẹ so ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn, torí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ò sùn tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú bátìrì sílẹ̀, wáyà odi (−) ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ tẹ̀ lé àwọn wáyà dúdú títí dé ibi tí wọ́n ti kan ṣáàsì níwájú ọkọ̀. Ẹ tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha etí wáyà àti irin tó jókòó lé títí á fi dán. Ẹ dè é padà kó le, kí ẹ wá fi gíríìsì pa òkè ẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Owó gíríìsì àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni ẹ máa ná. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti kọ̀wé ikú fún tó dìde lẹ́yìn iṣẹ́ yìí.

Ohun kan wà tó jọ èyí tí kì í ṣe òun: àgádágodo sítíárìn. Lára àwọn C5, pàápàá onígíà ọwọ́, ẹ̀rọ kan ń ti sítíárìn nígbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá ṣí padà, ẹ máa rí PULL KEY WAIT 10 SEC lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ọkọ̀ bá sì fẹ́ ṣí ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà á gé epo. Wọ́n ti pe àwọn ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe nítorí ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àtúnṣe yẹn. Bí kò bá sí, wáyà kékeré kan wà lọ́jà tó ń jẹ́ kí sítíárìn má tì mọ́ láéláé; ẹ fi sí i kó tó dá yín dúró síwájú ilé epo lóru.

Pọ́lì tó ń mì

Àárín irin méjì ni rọ́bà pọ́lì kúráńkì wà, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti gba ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì. Ìgbóná ló ń pa á. Tó bá ti ń mì, fàn bẹ́líìtì á máa sá, ọ́ìlì á máa jò láti inú sílì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lópin ọ̀rọ̀ pọ́lì náà á gé ara sítíárìn wọlé. Ẹ má fi dọ́la.

Ìdí tó fi ń náni lówó ni pé àpótí sítíárìn dí ojú ọ̀nà. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ tàbí kí ẹ sọ irin tó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ yọ sítátà, kí ẹ fi irin di eyín fùláíwíìlì mú níbẹ̀ kí kúráńkì má bàa yí. Ẹ tú bóòtù àárín, ẹ fi púlà elẹ́sẹ̀ mẹ́ta fa pọ́lì jáde. Ẹ pààrọ̀ sílì kúráńkì nígbà tí ẹ ti débẹ̀. Tuntun máa ń le wọlé, torí kò sí kíì kankan tó di pọ́lì yẹn mú lára kúráńkì LS1. Fífún tó fún nìkan ló dì í mú. Ẹ má fi òòlù lù ú. Bóòtù gígùn tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ni kí ẹ fi fà á wọlé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni dídè ẹ̀. Bóòtù àtijọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ lò: ẹ dè é dé 240 lb-ft (ìwọ̀n bí bóòtù ṣe le tó) kí pọ́lì lè jókòó tán. Ẹ tú u, ẹ jù ú nù. Ẹ wá fi bóòtù tuntun sí i, 37 lb-ft, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà yí i síwájú sí i ní dígírì 140. Bóòtù tuntun yẹn máa ń nà bí ẹ ṣe ń dè é, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á fi ibọn afẹ́fẹ́ dè é, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́

Gíà C5 kò sí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ tó kù, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, pọ̀ mọ́ dífùrẹ́ńṣà, torí kí ìwúwo iwájú àti ẹ̀yìn lè súnmọ́ra. Páìpù gígùn kan ló so wọ́n pọ̀, rọ́bà àti bẹ́rìn wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ kíkan láti àárín ọkọ̀, lábẹ́ ìgbúnwọ́ yín, páìpù yẹn ni. Àti kílọ́ọ̀ṣì o, àti páìpù yìí o, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn wọ́n. Nítorí náà tí wọ́n bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tìtorí ọ̀kan, ẹ tún èkejì ṣe. Owó ọwọ́ mẹkáníìkì ju owó ẹrù lọ níbí.

Kí kílọ́ọ̀ṣì lè pẹ́, ẹ máa wo omi ẹ̀. Ó máa ń dúdú kíá. Ẹ fi síríńjì fa èyí tó wà nínú ike kékeré ẹ̀ jáde, ẹ da tuntun sí i, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, ẹ tún un ṣe títí á fi mọ́. Gíà ọwọ́ T56 náà ń mu omi gíà ọ́tò, kì í ṣe ọ́ìlì gíà tó nípọn. Dífùrẹ́ńṣà ló ń mu ọ́ìlì gíà, ẹ má gbàgbé àfikún fún dífùrẹ́ńṣà tó ń fún táyà méjèèjì lágbára. Tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, á máa lọgun ní kọ́nà.

Mítà epo tó bá já sí òfo lójijì, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo, súfúrù inú epo ló ti bo ohun tó ń wọn epo nínú táńkì. Táńkì méjì ló wà, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ìgò Techron, oògùn tó ń fọ inú táńkì, sínú epo fún ìgbà bíi mélòó kan kí ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú táńkì. Mítà ọ́ìlì tó bá fò sí 80 tàbí tó ṣubú sí òdo, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ọ́ìlì. Tó bá pé tí ẹ́ńjìnnì ò sì pariwo, sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló kú. Bákan náà, tí gíà ọwọ́ yín bá ń fipá mú yín láti ìkínní lọ sí ìkẹrin, kò bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí epo lè pẹ́. Wáyà kékeré kan ń pa á.

Ẹ̀yin Èkó, ó kàn yín wàyí

Ṣé ẹ rí ike dúdú tó ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ bọ́ńpà iwájú? Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Radiétọ̀ C5 kò gba afẹ́fẹ́ láti iwájú bí ti ọkọ̀ tó kù. Abẹ́ ló ti ń mí, ike yẹn ló ń da afẹ́fẹ́ sókè sí i. Tó bá já, ọkọ̀ á tutù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nítorí fáànù ń ṣiṣẹ́, á wá gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tó yẹ kó ti tutù jù. Nítorí náà, kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. LS1 tún fẹ́ epo òktéènì 91 ti Amẹ́ríkà, èyí tó ga ju 91 tí wọ́n ń wọ̀n lọ́nà ti ilé wa lọ, torí ọ̀nà ìwọ̀n méjèèjì yàtọ̀. Epo tí kò tó bẹ́ẹ̀ kò ní pa á lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn dín agbára kù. Omi ìkún-omi ló lè pa á, torí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ ò ga sílẹ̀. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹ fi owó yẹn ra Camry.

Bí ẹ ṣe máa gbèjà ẹ̀

Àwọn oníCorvette máa ń juwọ́ síra wọn lójú títì, ẹ dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀, bóyá ní pápá Carlisle ní Pennsylvania ni o, bóyá ní iwájú ilé ìtajà kọfí ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ máa bá oníMustang pàdé, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ ti ayé àtijọ́, torí kámúṣáàfù kan ṣoṣo ló ní, àárín búlọ́ọ̀kù ló sì wà. Òótọ́ ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó ti gbé V8 lítà 4.6 tirẹ̀, èyí tó ní kámúṣáàfù mẹ́rin, sẹ́gbẹ̀ẹ́ LS1 rí. Lítà 4.6 ló ga jù, òun ló fẹ̀ jù. Agbára ẹṣin lórí lítà kan dùn ún kà. Lítà kì í wúwo, irin ló ń wúwo. LS1 kúrú, alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀, ìdí nìyẹn tí bọ́nẹ́ẹ̀tì C5 fi lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà sì wọn onígíà ọwọ́ sí máìlì 28 fún gálọ́ọ̀nù kan lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Èkejì ni súpíríìnì. Wọ́n á ní ti bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n fi sábẹ́ ọkọ̀ yín. Súpíríìnì bọ́lẹ̀kájà jẹ́ irin, ó gùn láti iwájú sẹ́yìn, òun náà ló di àkísù mú. Ti C5 jẹ́ fáíbà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó sùn gbalaja láti táyà ọ̀tún dé tòsì, kò sì di nǹkan kan mú ju ìwúwo lọ. Apá irin òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń darí táyà kọ̀ọ̀kan. C5-R, C5 tí wọ́n ṣe fún eré ìje, tó gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí ẹ̀ níbi eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 2001, 2002 àti 2004 kò lo súpíríìnì yìí ṣá, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n á mú yín.

Ẹ̀kẹta, èyí tó wà láàrin àwa oníCorvette fúnra wa: ṣé kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde, àbí kí a pààrọ̀ kámúṣáàfù àti sálẹ́ńsà? Ẹgbẹ́ NCRS, tó ń yẹ Corvette wò bóyá ó ṣì rí bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́, ti wà láti 1974, wọ́n sì lè yọ máàkì lórí bóòtù kan. Lójú tèmi, Z06 àti ti àjọ̀dún 2003 ni kí ẹ tọ́jú bẹ́ẹ̀. C5 ọ́tò tó ti rin máìlì púpọ̀, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, ẹ kàn kó àwọn irin àtijọ́ pamọ́ sínú páálí kan, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín á béèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dórí agbára ẹṣin, ẹ rántí Mustang Cobra ti 1999. Ford kọ 320 sórí ẹ̀. Àwọn tó rà á gbé e lọ sórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, wọ́n rí i pé kò pé, wọ́n sì pariwo. Ford dá títà ẹ̀ dúró, ó pe àwọn ọkọ̀ náà padà láti tún wọn ṣe, kò sì sí Cobra lásán ní 2000. Oníbàárà ló borí ilé iṣẹ́, ìwé dáínò ló sì fi borí. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé 400 ni ọkọ̀ òun, ẹ ní kó mú ìwé ẹ̀ jáde, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ní táyà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n àbí ní ẹ́ńjìnnì? LS1 onígíà ọwọ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn, tó ní 345 lórí ìwé, nǹkan bíi 290 sí 300 ló ń gbé dé táyà. Irú dáínò wo ni? Dynojet máa ń fúnni ní nọ́ńbà tó ga ju àwọn tó ń di táyà mú lọ. Ìṣirò ojú ọjọ́ wo ni wọ́n lò, SAE àbí STD? STD máa ń fi díẹ̀ kún un. Tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ra kọfí fún un, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.